Kóńgò ẹ̀wà kan, kílò mélòó ni?

Àdùnní Lágéré: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Amẹ́ríkà kọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà kan ránṣẹ́ sí mi, páúǹdì kan ló kọ síbẹ̀, mi ò sì ní ìwọ̀n nílé, kóńgò àti agolo mílíìkì ni mo ní. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì: Fojú wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Obòkun: Mọ̀mí, ẹ má bínú o, oúnjẹ lèmi ń tà n'Iléṣà, fífojú wọ̀n ò ṣe é fi ta ọjà. Páúǹdì kan, giráàmù 454 ni. Ẹ̀wà funfun tiwa tó bá kún kọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún máa wọ̀n tó giráàmù 170, kọ́ọ̀pù méjì ààbọ̀ lé díẹ̀ nìyẹn, tó bá sì jinná ó máa ń ju kọ́ọ̀pù mẹ́fà lọ. Agolo mílíìkì ńlá mẹ́rin tí ẹ gé orí ẹ̀ máa gbé e. Kóńgò ni kò ṣe é fọkàn tán. Mo gbé ti àwọn ìyá l'Àtàkúnmọ̀sà sórí ìwọ̀n, ti ẹnì kan pé kílò kan ààbọ̀, ti ẹnì kejì ò tó kílò kan àti giráàmù 300, ọjọ́ kan náà, owó kan náà!

Sàbó Bọ̀ì: Wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọlé ni!!!

Jambite Ifẹ̀: Ah ẹ ti fọwọ́ kan egbò mi. Mo ní kí ìyá kan dojú kóńgò ẹ̀ dé kí n wo ìdí ẹ̀, ló bá já a gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé èmi ni màá wá kọ́ òun ní òwò, gbogbo ọjà wá ń wò mí bí ẹni tó jalè.

Ìyá Ẹlẹ́wà Odò-Ògbè: Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo wa kọ́ là ń lu kóńgò. Èèni tí mo ń bù lé e ńkọ́, ẹ ò kà á ni? Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí fún yín: ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀, kóńgò máa kún dẹ́dẹ́, àmọ́ kò ní wọ̀n. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó lu ihò.

Ọmọ Obòkun: Òótọ́ lẹ sọ mà.

Sàbó Bọ̀ì: Kóńgò Ifẹ̀ ṣì tóbi ju ti Iléṣà lọ ṣá.

Ọmọ Obòkun: Irọ́! Gbé tìẹ wá ká jọ wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúró ná, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? Torí ẹ̀wà tí mo fẹ́ fi ṣe ọ̀lẹ̀, mo bá a lówùúrọ̀ tó ti wú kún abọ́ kọjá ibi tí mo fi sí.

Ọmọ Obòkun: Gbígbẹ ni mà. Ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti mumi.

Àdùnní Lágéré: Ẹ ṣé gan-an, agolo mẹ́rin ni màá lò. Ìyá Ẹlẹ́wà, ṣé ẹ máa wà lọ́jà lọ́la?

Ìyá Ẹlẹ́wà Odò-Ògbè: Mo wà ńbẹ̀. Wá wo ìdí kóńgò mi.