Títọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe nílé: ẹ má fa apá tó kú

Bí wọ́n bá ti dá ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe sílẹ̀ ní ọsibítù, èjìká ẹ̀gbẹ́ tó kú wà lára ohun tó sábà máa ń bà jẹ́ nílé. Iṣan ló di apá mú sí oríkèé èjìká. Tí iṣan yẹn bá ti dẹ̀, ìwúwo apá nìkan tó láti fà á yẹ̀ níbi tó wà. Ẹnì kan á wá di ọwọ́ màmá mú, á ní, "Ẹ dìde, mà." Ìyẹn ti tó. Ìrora tó bá tibẹ̀ wá lè pẹ́ fún oṣù mélòó kan, màmá ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni na apá náà mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ jẹ́ kó sún ìdí wá sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kó sì tẹ orí síwájú kọjá orúnkún. Ẹ̀gbẹ́ tó kú ni kí ẹ dúró sí. Ẹ so ọ̀já mọ́ ọn níbàdí, òun ni kí ẹ dì mú. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abíyá. Tó bá jókòó, kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ apá náà. Tó bá kan aṣọ, apá tó kú ló ń kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù, òun náà ló ń bọ́ gbẹ̀yìn.

Àwọn ará ilé sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó ẹ̀gbẹ́ tó kú. Ara tí kò mọ nǹkan lára kò ní ké. Ẹ ó kàn rí i pé awọ ti bó ni. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, ìgúnpá tiyín ni kí ẹ sì fi tọ́ ọ wò.

Oúnjẹ ńkọ́? Omi lásán ló máa ń ṣòro gbé mì jù, torí ó ń yára ṣàn ju bí ọ̀fun ṣe lè tì lọ. Ẹ̀kọ tó ki díẹ̀ sàn jù ú lọ. Kó jókòó ṣánṣán, kó tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, ṣíbí kékeré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé ọ̀fun mì kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Ẹ yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kú wò, oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Kó má dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má retí ikọ́: oúnjẹ lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ láìjẹ́ pé ó wúkọ́ rárá. Tí ibà bá dé, tó sì ń mí lemọ́lemọ́, ọsibítù ni.

Tí kò bá lè yí ara padà, ẹ yí i ní wákàtí méjì-méjì, tòru-tọ̀sán. Ẹ ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má fara kan bẹ́ẹ̀dì. Ibi tó bá pọ́n, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: tí pípọ́n náà kò bá ṣí kúrò, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi ọwọ́ ra á.

*

Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀rọ̀ sísọ kún un. Apá òsì ọpọlọ ló sábà máa ń ṣàkóso rẹ̀, òun náà ló sì ń darí apá ọ̀tún ara, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí apá ọ̀tún wọn kú ni wọ́n sábà máa ń wá ọ̀rọ̀ tì. Etí wọn ò di o, ẹ má pariwo. Ó lè kọ orin ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó má sì lè béèrè omi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í, èyí tó lè mi orí sí, kí ẹ sì ní sùúrù kó dáhùn. Ẹ bá wa bẹ àwọn àlejò tó ń bi í pé "Ṣé ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?" kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró, ẹ má torí ẹ̀ pa físíò, ìyẹn eré ìdárayá ìtọ́jú, tì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀ tí ara bá ti yá díẹ̀, ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ń wá. Tó bá ti ku ti ọ̀sẹ̀ kan nínú páálí, ẹ ti lọ ra òmíràn.