Èsì: kò sí òṣì nínú "òṣìṣẹ́", iléeṣẹ́ kò sì ní ọkàn

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin kọ lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Fún àwọn tí kò bá wa níbẹ̀rẹ̀: àbúrò wa kan ló rí àyè wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà láti lọ ṣe másítà nínú "industrial and organizational psychology", ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń wo bí ènìyàn ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Màmá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ bi í pé kí ló fẹ́ lọ kọ́ gan-an, kò rí orúkọ tí yóò pè é fún un, ló bá gbé ìbéèrè náà wá bá wa. Ẹnì kan láti London dá a lóhùn pé "oyè ọ̀gá nínú ìmọ̀ ọkàn-iléeṣẹ́". Ẹlòmíràn ní "ìmọ̀ ìṣesí òṣìṣẹ́". Ni ẹ̀gbọ́n wa bá bínú dìde pé ká yọ "òṣìṣẹ́" kúrò nínú èdè wa, pé òṣì àti ìṣẹ́ ni wọ́n dì papọ̀ síbẹ̀, pé èébú ni, ká máa wí pé "aṣiṣẹ́".

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó dá orúkọ ara mi kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. "Ṣe" pàdé "iṣẹ́", a pa fáwẹ̀lì "e" jẹ, ó di "ṣiṣẹ́": ohùn àárín, ohùn òkè. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ò-" wá wọlé tòun ti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fa ohùn àárín tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ṣeré" ṣe di "òṣèré". Bẹ́ẹ̀ náà ni "mutí" ṣe di "ọ̀mùtí". Bí òṣì bá wà nínú "òṣìṣẹ́", ẹ jọ̀ọ́, kí ni "òṣè" tó wà nínú "òṣèré"? Àfòmọ́ "a-" kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohùn àárín ló gbé wá: akọrin, apẹja, ohùn wọn kò yẹ̀ rárá. Ohùn tó ṣèèṣì bára mu ni ẹ gbọ́, ẹ wá fi ṣe ìtàn.

Ṣé ẹ ti gbàgbé pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́? Àwọn baba wa fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ohùn àárín níbẹ̀rẹ̀ ti iwájú, ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀yìn, ọmọ kékeré tó ń ké e nílé ìwé kò sì ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Ní ti "aṣiṣẹ́" tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò, n kò sọ pé gírámà kọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù lóde òní, láìsí àmì, láìsí nǹkan kan lábẹ́ lẹ́tà: kí ló yà á sọ́tọ̀ sí "àṣìṣe"? Bí Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ bá kéde ìyanṣẹ́lódì lọ́la, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn kà á sí ẹgbẹ́ àṣìṣe ni?

Ó wá kan ti London. Ọ̀gbẹ́ni, "ìmọ̀ ọkàn-iléeṣẹ́" kò dára. Nínú Yorùbá, bí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá tò báyìí, èkejì ló sábà máa ń ni àkọ́kọ́. Ọkàn iléeṣẹ́ túmọ̀ sí pé iléeṣẹ́ ló ni ọkàn. Àjọ lásán, níbo ló ti rí ọkàn? Ènìyàn tí ìmọ̀ yìí dá lé lórí gan-an ni ẹ yọ kúrò nínú orúkọ rẹ̀.

Mo ṣe másítà nínú ìmọ̀ yìí lẹ́yìn tí mo ti fi Yorùbá gba oyè àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ aṣọ lórúkọ láì wọn ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Hugo Münsterberg, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Harvard, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó là á sílẹ̀. Ó dán àwọn awakọ̀ tíráàmù (ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro) Boston wò láti mọ ẹni tí ojú rẹ̀ yá, tó lè tètè fura sí ẹni tó fẹ́ sọdá, ó sì fi í sínú ìwé tó gbé jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1913. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1917, àwọn onímọ̀ yìí ló ṣe ìdánwò tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Apá àkọ́kọ́ nìyẹn: ta ló yẹ fún iṣẹ́ wo, báwo la ṣe máa kọ́ ọ, báwo la ṣe máa wọn bó ṣe ń ṣe é. Kò sí èyí tí wọ́n fi wo ọkàn níbẹ̀. Ìṣesí ni wọ́n wò.

Bàbá mi jẹ́ káfíńtà. Kì í gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ tí òbí bá mú un wá. Yóò ní kó kọ́kọ́ máa wá gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò máa ṣọ́ ọ: ṣé ó ń dá irinṣẹ́ padà síbi tó ti mú un, ṣé ó ń gbọ́ ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé iṣẹ́ ojú ayé ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló tó sọ bóyá ọwọ́ ọmọ náà gba pákó. Nígbà tí mo jókòó sí kíláàsì tí wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń yan ènìyàn síṣẹ́, bàbá mi ni mò ń rí.

Apá kejì ló ṣòroó sọ lórúkọ, òun náà ni àríyànjiyàn wa fò kọjá. Láti ọdún 1924 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí kan ní ilé iṣẹ́ Western Electric ní Cicero, lẹ́bàá Chicago. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iná tó mọ́lẹ̀ sí i yóò mú iṣẹ́ yá. Ọ̀rọ̀ iná kò yanjú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn náà jù ú lọ. Nínú yàrá kan tí àwọn ọkùnrin ti ń so wáyà, àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹnu kò láàárín ara wọn lórí ìwọ̀n tó yẹ kí ènìyàn ṣe lóòjọ́. Ẹni tó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á lù ú lápá. Owó iṣẹ́ kò yí i padà. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe àárò rí ní oko kò ní yà á lẹ́nu: bí o bá ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ẹlòmíràn, wọ́n á dúró dè ọ́ lóko tìrẹ.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ náà ní Amẹ́ríkà fi yí orúkọ ẹ̀ka wọn padà lọ́dún 1973, tí wọ́n fi "organizational", ìyẹn apá ti àjọṣe, kún "industrial". Ní Britain, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é, "occupational psychology". Lọ́dún 2010, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní Amẹ́ríkà tún dìbò bóyá kí wọ́n sọ "industrial" nù, ti àtijọ́ ló borí. Àwọn tó ni ìmọ̀ yìí pàápàá ń jà lórí orúkọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi Gẹ̀ẹ́sì lélẹ̀ fún wa bí òṣùwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo mú wá nìyí: ìmọ̀ ìṣesí àti àjọṣe ẹ̀dá lẹ́nu iṣẹ́. "Lẹ́nu iṣẹ́" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó gba ọ́fíìsì, ó gba ilé iṣẹ́ ńlá, ó gba ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kó yọ ohun tó bá fẹ́ yọ, kó má ṣáà yọ "àjọṣe", torí bó bá yọ ọ́, ó ti dá wa padà sí ìgbà tó ṣáájú ọdún 1973.

Ẹnì kan tún béèrè bí a ó ṣe pe "motivation". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ̀dá nǹkan kan. Kóríyá wà. Ẹni tí iṣẹ́ sú, a mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá síṣẹ́, a mọ̀ ọ́n.

"Oyè ọ̀gá" ńkọ́? Rárá o. Ìyá tó gbọ́ pé ọmọ òun gba oyè ọ̀gá yóò rò pé wọ́n ti fi í jẹ olórí níbì kan. Másítà ni gbogbo wa ń wí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Wákàtí àti àlàáfíà kò bá wa dáyé, wọ́n sì ti di tiwa. Àbúrò, sọ fún màmá pé ọdún méjì ni, pé ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún lọ, pé o máa kọ́ bí a ṣe ń tú iṣẹ́ kan palẹ̀ láti mọ ohun tó ń fẹ́ lára ènìyàn, pé iléeṣẹ́, ilé ìwòsàn àti ìjọba ló ń gba irú yín. Bó bá jẹ́ Britain lo ti fẹ́ lò ó lọ́jọ́ iwájú, mọ̀ pé másítà nìkan kò tó kí o fi orúkọ onímọ̀ náà pe ara rẹ. Òfin dáàbò bo orúkọ ọ̀hún, ó di dandan kí wọ́n forúkọ rẹ sílẹ̀.

Ó ku ẹni tó ní kí a máa kọ "iléeṣẹ́" nígbà gbogbo, tó ní "ilé iṣẹ́" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò bá àkọtọ́ mu. Mo lo méjèèjì nínú lẹ́tà yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tí a fi bíríkì kọ́ yàtọ̀ sí iléeṣẹ́ tó jẹ́ àjọ. Bí kò bá gbà, kó mú ẹ̀rí wá, kó má sọ fún mi pé olùkọ́ òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní olùkọ́.