Màmá mi fẹ́ fi ìyẹ̀fun “stem cell” wo kíndìnrín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ọdún kejì rèé tí màmá mi ti ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nítorí kíndìnrín. Lánàá, wọ́n tú gèlè kan níwájú mi, páálí ló wà nínú ẹ̀: sáṣẹ́ẹ̀tì ìyẹ̀fun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, “stem cell” (ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ara) gàdàgbà lára gbogbo wọn. Arábìnrin kan ní ìjọ wọn ló tà á. Ó ní bí wọ́n bá ń dà á sábẹ́ ahọ́n láràárọ̀, kíndìnrín tuntun á hù. Owó ìfọ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́!

Mo mọ̀ pé stem cell kì í ṣe irọ́. Ọdún 2006 ni Shinya Yamanaka, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Jàpáànù, sọ sẹ́ẹ̀lì ara eku di irú èyí tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 2012. Wọ́n sì ń fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíì, tí stem cell wà nínú ẹ̀, wo àrùn ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tí wọ́n ń hù nílé ìwádìí ṣì kéré bíi hóró ẹ̀wà. Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ààyè ṣe máa wà nínú ìyẹ̀fun gbígbẹ?

Màmá ti ní àwọn ò lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Túsìdeè. Oorun ò kùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mò ń bú ìjọ wọn? Ṣé kí n bẹ nọ́ọ̀sì wọn, àbí pásítọ̀ ni kí n kọ́kọ́ lọ bá?