Ìdérí ihò ìsàlẹ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa ti sán: ṣé a lè máa lò ó bẹ́ẹ̀ di ìparí oṣù?

Alábòójútó ilé àlejò, Èbúté Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ilé àlejò kékeré kan ni mò ń bójú tó ní Èbúté, a sì ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí àwọn ọmọdé máa ń kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn òbí kì í jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọkàn wọn balẹ̀ lórí omi tiwa nítorí pé ojú ríran dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ àná ni mo rí i pé ìdérí oníhò wẹ́wẹ́ tí ó bo ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi ti sán láti etí kan dé àárín, síkírù kan ṣoṣo ni ó sì dì í mú. Ẹni tí ń bá wa tún un ṣe ní kò séwu, pé níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń lọ geere, a lè dúró kí owó oṣù wọlé kí a tó ra òmíràn. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni ihò tí kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ lè fi ọmọ ènìyàn ṣe?

Oníṣẹ́ pọ́ǹpù, Ìkòròdú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ pa pọ́ǹpù yẹn kí ẹ sì ti adágún náà kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ.

Bí ara ènìyàn bá bo ihò náà, omi kò ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà mọ́, pọ́ǹpù yóò sì máa fà á nìṣó. Ká ní ihò náà fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tí agbára tí pọ́ǹpù fi ń fà sì tó ìdajì ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lára, ohun tí yóò de ọmọ náà mọ́lẹ̀ yóò súnmọ́ 160 kílò. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Èmi fúnra mi ti fi àkísà sí orí igi gígùn kan, mo nà án sí irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kan. Ó gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ pàá, mo fà á títí, kò sì já títí ọmọ iṣẹ́ mi fi sáré lọ pa iná. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Kì í ṣe àyà tàbí ẹ̀yìn nìkan ni ó ń mú. Irun dídì gígùn lè wọ inú ìdérí kí ó sì lọ́ mọ́ra lábẹ́ rẹ̀, débi pé ó lè má jáde bí a tilẹ̀ pa pọ́ǹpù. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti okùn aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ náà lè há síbẹ̀. Bí ìdérí kò bá sì sí rárá, tí ọmọ kékeré jókòó lé ihò náà nínú omi tí kò jìn, ó lè fa ìfun rẹ̀ gba ìdí jáde.

Ìdérí tí ẹ óò rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó yọ ikùn sókè díẹ̀, tí ara kò lè bò tán, tí wọ́n sì kọ iye ọdún tí a lè lò ó sí lára, nítorí pé oòrùn àti kẹ́míkà inú omi máa ń jẹ́ kí ike gbẹ kí ó sì máa sán. Ṣùgbọ́n bí ihò kan ṣoṣo ni ó so mọ́ pọ́ǹpù yín, ìdérí tuntun nìkan kò tó. Ihò méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ní 91 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, tí ọ̀pá kan náà so pọ̀, ni yóò jẹ́ kí omi máa gba èkejì bí ohun kan bá dí ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan tún wà tí ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ bí ìfà bá ti le jù.

Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọdún 2002, irú ihò yìí ni ó di Virginia Graeme Baker, ọmọ ọdún 7 ní Amẹ́ríkà, mọ́lẹ̀ nínú adágún omi gbígbóná, àgbàlagbà méjì ni ó sì fà á kí ó tó kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà kú. Ìyá rẹ̀ kò sinmi títí wọ́n fi fọwọ́ sí òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2007.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ má ṣe fà á sókè tààrà. Ẹ ki ìka bọ etí ibi tí ara ti lẹ̀ mọ́ ihò kí omi lè wọ àárín, kí ẹ sì yí ara rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí irun bá ni, ẹ gé e. Kí ẹlòmíràn pe 767 tàbí 112 ní àkókò kan náà.

Alábòójútó ilé àlejò, Èbúté Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti so ṣéènì mọ́ ẹnu ọ̀nà adágún náà. Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú: inú yàrá pọ́ǹpù ni súìṣì wa wà, ọwọ́ ọlọ́dẹ sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà.

Oníṣẹ́ pọ́ǹpù, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí oníná gbé súìṣì mìíràn sí ìta, ní ibi tí ẹni tí ó dúró létí omi ti lè rí i, kí a sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀. Kí ó tó dé, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù náà lónìí, kí ó má baà ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé lóru.

Alábòójútó ilé àlejò, Èbúté Ìkòròdú

Mo ti yọ ọ́. Ó wà nínú àpò mi báyìí.