Ṣẹ́ẹ̀fù tí mo fi pín yàrá wa ń mì, ẹ gbà mí o

Ìyá Àrẹ̀mú: Ẹ káalẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé n'Íbàdàn, àwa àtàwọn ọmọ méjì. Mo ní kí n fi ṣẹ́ẹ̀fù dá a sí méjì, kí ojú àlejò má máa bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Láti oṣù tó kọjá ni káfíńtà ti gbowó, ọ̀la ni, ọ̀la ni. Ìgbà tó máa gbé e dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ kọfí ni mo ní kó kùn ún, ó kùn ún bí epo àkàrà. Ìyá onílé ní ṣé mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Mo gbé gbogbo ẹ̀ mì. Àmọ́ láti àná, tí tírélà bá kọjá lójú títì, á máa mì. Téèyàn bá fọwọ́ kàn án lókè, á tẹ̀ sọ́tùn-ún, á tẹ̀ sósì bí ọ̀mùtí. Ṣé kí n gbowó mi padà ni?

Alákàrà Mọ́kọ́lá: Owó tẹ́ ẹ ti san tán kó tó bẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ni mo ní kí tèmi kàn. Ìgbà tó gbé e dé, mo ti bímọ kan.

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ìyá mi, báwo ló ṣe ga tó? Iwájú sí ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé wọ́n kan nǹkan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀? Ṣé ó kan ògiri níbì kankan?

Ìyá Àrẹ̀mú: Pákó àfárá ni o, kì í ṣe arère. Mo dúró tì í nígbà tó ń rà á ní Bódìjà.

Màmá Ìbejì: Kọ́tìnnì ò bá ti tó yín.

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Mi ò béèrè igi.

Ìyá Àrẹ̀mú: Ẹ má jágbe mọ́ mi. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, iwájú sí ẹ̀yìn jẹ́ ínṣì 9. Àárín yàrá ló wà. Kò ní ẹ̀yìn, èmi ni mo ní kó yọ ọ́. Fáànù kan la ní, ẹ̀yìn yẹn ò ní jẹ́ kí atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Alákàrà Mọ́kọ́lá: Ẹ ẹ̀ wá rí i! Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń bú látàárọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ mú páálí bàtà, ẹ gé ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ gbé e nàró, kẹ́ ẹ fìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa rí bó ṣe máa wọ́. Plywood ẹ̀yìn yẹn ló ń di igun mú. Ẹ jẹ́ kó fi gọ́ọ̀mù àti skúrù kàn án padà sójú àwọn ihò ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó fi ti àárín sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìyẹn á dá tọ̀tún-tòsì dúró. Ti kó dojú dé ṣì wà ńlẹ̀, ínṣì 9 ti kéré jù fún gíga yẹn. Ẹ dè é mọ́ ògiri, tàbí kẹ́ ẹ gé e sí ẹsẹ̀ bàtà 4.

Ìyá Àrẹ̀mú: Onílé ò gbà ká lu ògiri. Ká gé e kẹ̀? Owó mi! Àwọn ìkòkò irin ìyá mi ló wà lókè pátápátá, wọ́n wúwo, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Màmá Ìbejì: Lókè kẹ̀? Ta ló ń sùn lápá kejì?

Ìyá Àrẹ̀mú: Àwọn ọmọ. Àbúrò ti pé ọdún 2, òun ló tiẹ̀ ń gùn ún bí àkàbà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìkòkò yẹn sọ̀kalẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Kí àwọn ọmọ sùn lọ́dọ̀ yín lálẹ́ òní. Tí onílé bá kọ̀ ọ́, ẹ ní kí káfíńtà kan apá kan mọ́ ìpẹ̀kun ẹ̀, kó yà bíi lẹ́tà L. Ìyẹn á lè dá dúró.

Ìyá Àrẹ̀mú: Bàbá wọn ti gbé e dùbúlẹ̀, òun ló wá gba gbogbo ilẹ̀ yàrá báyìí. Káfíńtà ní Sátidé lòun ń bọ̀.

Alákàrà Mọ́kọ́lá: Sátidé ọdún wo?