Aṣọ 24 péré ni mo ní, ọyẹ́ sì ti dé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, inú ló ń bí mi. Láti oṣù Igbe ni mo ti sọ fún ara mi pé mi ò kó aṣọ jọ mọ́. Àpótí mẹ́ta ló kún dẹ́nu nílé nígbà náà: aṣọ ẹbí ìsìnkú, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹni tí mi ò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, léèsì tí mo wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ń gún mi lára títí àríyá fi túká. Mo kó wọn jáde. Mo ta díẹ̀, mo fi díẹ̀ tọrẹ, ó wá ku 24, mi ò ka àwọ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn o. Àdìrẹ mẹ́fà, àǹkárá márùn-ún, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bíláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́. Gbogbo wọn ló bára mu. Mo lè na ọwọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù nínú òkùnkùn, ohunkóhun tí mo bá fà yọ, mo ti múra nìyẹn.

Òjò rọ̀ títí, kò sí wàhálà. Ọyẹ́ wá dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣe ni mo gbọ̀n rìrì dé ibi iṣẹ́, ètè mi bẹ́, bíláòsì funfun mi ti pọ́n bí ilẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni. Níbi ìpàdé ẹbí, lójú gbogbo ayé, wọ́n ní: “Ìyàwó, ṣé èyí náà la tún rí? Àbí ọmọ mi ò ra aṣọ fún ọ ni?” Ìyàwó àbúrò ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá ṣa èyí tó bá wù mí nínú tòun. Èmi! Èmi tí mo fún un ní léèsì méjì lọ́fẹ̀ẹ́! Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kúrò nínú aṣọ òjò bọ́ sínú ti ọyẹ́ tí iye rẹ̀ ò ní ju 24 lọ? Èwo ni kí n kó pa mọ́? Mi ò fẹ́ ra tuntun.

Ọmọ Ayétòrò:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ sí Ọjà Ìgbọ̀nà, súẹ́tà òkìrìkà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣa èyí tó dáa.

Ìyá Tọ́lá:
Mo ní mi ò fẹ́ ra tuntun.

Ọmọ Ayétòrò:
Òkìrìkà kì í kúkú ṣe tuntun.

Bọ̀dá Jos:
Ẹ̀yin ò tíì rí òtútù. Jos ni mo ti sin ilẹ̀ baba wa. Ìlú yẹn ga tó 1,200 mítà sókè òkun, ẹ fojú inú wo ọyẹ́ ibẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni mo ń wọ̀ léra, màá wá gbé jákẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rẹ́ mi yá mi lé e lórí. Tí a bá fẹ́ wẹ̀, a ó kọ́kọ́ dúró wo omi inú garawa fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi àti ìwẹ̀ àárọ̀ kò ṣọ̀rẹ́. Òṣogbo ní ọyẹ́? Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Bísí:
Bọ̀dá, ìmọ̀ràn wo nìyẹn? Ìyá Tọ́lá, ẹ ò sọ aago tí ẹ ń jáde, ẹ ò sọ ohun tí ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èyí tó ga jù: kí lẹ wọ̀ lọ́yẹ́ èṣí? Àwọn aṣọ yẹn dà?

Ìyá Tọ́lá:
Àbèèrè, níbi ọ́fíìsì ìjọba, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo ń jáde, ọ̀kadà ni mo ń gùn láti Òkè Báálẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò bá ní ìyá ọkọ tó ń fi ọ̀rọ̀ gún ni lójú àwùjọ ò lè mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìyá Àgbà Alékúwodò:
Ọmọ mi, aṣọ 24 lo ní tí o ń sunkún? Mẹ́ta ni ìyá mi ní: ti oko, ti ilé, ti òde. Bí ọyẹ́ bá dé, aṣọ ìbora ni wọ́n ń dà bora lọ sọ́jà, wọ́n á sì fi òrí pa ẹsẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Ìyá ọkọ rẹ ò ṣẹ̀ ọ́.

Akin Òkè-Fìà:
Màmá, ẹ ṣeun. Àṣà aṣọ díẹ̀ tí ẹ sọ yẹn ni òyìnbó ń pè ní capsule wardrobe lónìí. Susie Faux, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé e lárugẹ láwọn ọdún 1970. Ní 1985, Donna Karan, aránṣọ kan ní Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde, ẹyọ méje péré. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni ọdún tiwọn ní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó aṣọ wọlé kó aṣọ jáde. Tiwa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọyẹ́ kàn ń yà kí wa ni. Òtútù láàárọ̀, oòrùn gangan lọ́sàn-án, ọjọ́ kan náà! Nítorí náà, Ìyá Tọ́lá, aṣọ tó nípọn kọ́ lẹ ń wá, aṣọ tó ṣe é bọ́ lẹ ń wá. Ẹ wọ àdìrẹ yín bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́, kí ẹ gbé kádígàn kan lé e lórí ọ̀kadà. Tí ẹ bá dé Àbèèrè, ẹ bọ́ ọ kọ́ sẹ́yìn àga.

Ìyá Àgbà Alékúwodò:
Gbogbo nǹkan ni òyìnbó ti ṣe, kò kúkú sí ohun tí wọn ò tíì ṣe.

Ìyá Alágbàfọ̀:
Ọdún 11 ni mo ti ń fọ aṣọ fún èèyàn ní Ọ̀gọ̀-Olúwa, ẹ gbọ́ tèmi. Ìgbà òjò ni aṣọ gbọ́dọ̀ pọ̀, kì í ṣe ìgbà ọyẹ́. Lóṣù Agẹmọ, jíìnsì lè lo ọjọ́ mẹ́ta lórí okùn kó má gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nísinsìnyí, ẹ fọ aṣọ lálẹ́, kí ẹ tó jí ó ti gbẹ gan-an. Aṣọ 24 ti pọ̀ jù fún yín lásìkò yìí, 12 á gbé yín dé òjò àkọ́rọ̀.

Eruku nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Inú ilé ni kí ẹ sá a sí, tàbí kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó ká a. Bíláòsì funfun, ẹ kó o pa mọ́. Aṣọ dídán tó rí bí ọ̀rá, ẹ kó ìyẹn náà pa mọ́: bí ọyẹ́ bá mú, á máa lẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, tí ẹ bá ń bọ́ ọ lálẹ́, á máa ta pàrà pàrà. Òwú ni kí ẹ wọ̀. Èyí tí ẹ bá ń kó pa mọ́, ẹ má fi sítáàṣì sí i, oúnjẹ aáyán ni sítáàṣì. Kí ẹ tó ká a, ẹ fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àti níbàdí. Bó bá tutù díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ tún sá a. Ibẹ̀ ni èébu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò:
Tí ẹ bá ń fọ àdìrẹ náà, ẹ fi iyọ̀ sómi kí aró má baà ṣí.

Abẹ̀ní Aláró:
Iyọ̀ wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Tí a bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ojú rẹ báyìí ni afẹ́fẹ́ á ṣe fẹ́ sí i tí á máa ṣú, títí á fi di aró. Afẹ́fẹ́ ló dì í, kì í ṣe iyọ̀. Èyí tó ń ṣí lẹ́yìn náà, àṣẹ́kù tí kò wọ ara òwú ni. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án títí omi á fi mọ́, kí ẹ sá a síbòji. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ bíláòsì funfun nínú báàgì kan náà.

Ọmọ Ayétòrò:
Ogójì ọdún ni ìyá mi fi ń lo iyọ̀.

Abẹ̀ní Aláró:
Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń fi iyọ̀ ṣòfò nìyẹn.

Ọmọ Ayétòrò:
Ẹ má bú ìyá mi o! Ẹ lè mọ aró, ẹ ò mọ ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n Bísí:
Ẹ jẹ́ ká fi iyọ̀ sílẹ̀. Ìyá Tọ́lá, aṣọ ọyẹ́ èṣí ńkọ́? Wọn kì í bí èèyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá kó ti di òṣìṣẹ́ Àbèèrè.

Ìyá Tọ́lá:
Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ yẹn wọ̀ mí létí. Akin, ẹ ṣeun. Ìyá Àgbà, mi ò bínú, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Màmá, ìyá ọkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n Bísí:
Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Aṣọ ọyẹ́ èṣí.

Ìyá Tọ́lá:
Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ ti borí. Wọ́n wà. Kádígàn kan, súẹ́tà kan, ìborùn méjì. Mo kà wọ́n mọ́ 24 yẹn. Inú Gáná-mọ́sìgò ni mo kó wọn sí lóṣù Ẹrẹ́nà. Òrùlé tiwa ń jò nígbà náà, mo wá gbé báàgì náà sí iyàrá Màmá nílé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti oṣù Ògún ni èmi àtàwọn ò ti sọ̀rọ̀, àfi èyí tí wọ́n sọ sí mi lójú ẹbí yẹn.

Ọmọ Ayétòrò:
Háà! Aṣọ 20 lẹ wá ní lọ́wọ́. Mo ti ń rán yín lọ sí Ìgbọ̀nà, ẹ ní aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun!

Bọ̀dá Jos:
Ẹ rán ọkọ yín lọ gbé e wá, kó gbé ẹ̀pà sílẹ̀.

Ìyá Tọ́lá:
Ó ní òun ò bá wọn dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Bísí:
Kí ló ṣẹlẹ̀ lóṣù Ògún?

Ìyá Tọ́lá:
(Ẹ má bínú, mo sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dáhùn.) Nínú àwọn tí mo tà lóṣù Igbe, àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà níbẹ̀. Màmá ló fún mi lọ́jọ́ tí a sọ Tọ́lá lórúkọ. Ìyá tó bí wọn ló fi ẹ̀kọ kọ ọ́, òun náà ló rẹ ẹ́ láró. Mi ò wọ̀ ọ́ rí. Ó ti gbó láàárín, èkúté sì ti jẹ etí rẹ̀ kan, mo rò pé ẹrù lásán ni. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, Màmá dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí èrò ti ń wọ́ lọ sí igbó Ọ̀ṣun, wọ́n sì rí ìró náà ní ìdí obìnrin kan. Òwú pupa tí àwọn fúnra wọn fi lẹ etí tí èkúté jẹ ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi, àbí? Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan ló ni ín.

Ìyá Àgbà Alékúwodò:
Hẹn-ẹ́n. “Ṣé èyí náà la tún rí?” O ti wá mọ èyí tí wọ́n ń wá lára rẹ báyìí.

Ọmọ Ayétòrò:
Òótọ́ ni àǹtí sọ o, ohun tí a bá ti fún èèyàn ti di tiẹ̀.

Abẹ̀ní Aláró:
Dákẹ́, ìwọ oníyọ̀. Ìyá Tọ́lá, irú ọnà wo ni? Ìbàdàndùn àbí Ọlọ́kun?

Ìyá Tọ́lá:
Ọlọ́kun.

Abẹ̀ní Aláró:
Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n á máa rẹ ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fà á láìkánjú, igun kan lẹ́yìn igun kan. Ọ̀pá méjì ààbọ̀ ni abala kan, abala méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró. Mo lè kọ òmíràn fún yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni màá fi kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ ìyá Màmá.

Bọ̀dá Jos:
Èló lẹ tà á?

Ẹ̀gbọ́n Bísí:
Bọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyá Tọ́lá, ẹ dìde lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lọ kúnlẹ̀. Ẹ má mẹ́nu ba báàgì.

Ìyá Tọ́lá:
Mo lọ. Mo mú iṣu mẹ́ta dání. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní mi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó béèrè bóyá ọmọ ti jẹun. Mo sọ fún wọn pé mo ti wá obìnrin tó ra àdìrẹ yẹn kàn, ó ní òun ò tà á. Wọ́n ní, “Kò ní tà á. Ó mọ nǹkan.” Ìyẹn dùn mí ju ti ọjọ́ ìpàdé lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, àwọn fúnra wọn ló gbé báàgì jáde. Mo ti rò pé èébu á ti bo gbogbo rẹ̀, torí mi ò sá wọn dáadáa kí n tó kó wọn síbẹ̀. Òórùn oòrùn ló ń jáde lára wọn, wọ́n ti sá wọn, wọ́n tún ká wọn bí èyí tó ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ bọ̀. Kádígàn nìkan ni mi ò rí. Ọrùn Màmá ló wà. Mi ò béèrè.

Ìyá Alágbàfọ̀:
Èyí tó dáa nìyẹn. Ẹ má tíì kó ti òjò sí báàgì o, ẹ sá a lọ́jọ́ méjì sí i.

Ọmọ Ayétòrò:
Àǹtí, tí kádígàn bá ti lọ, aṣọ ti di 23. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ìgbọ̀nà ní Sátidé.

Ìyá Tọ́lá:
24 ni. Ìborùn mẹ́ta ni mo bá nínú báàgì, méjì ni mo kó síbẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n fún mi ni, àbí wọ́n yá mi.