Kí ló dé tí ọṣẹ olómi tí mo fi coco glucoside ṣe kò fi ki?

Alọ́ṣẹ Mushin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Coco glucoside tí mo rà ní Òjọ́tà ni mo fi po ọṣẹ olómi dípò SLES (èròjà tó ń hó, tó sì ń fọ ìdọ̀tí, tí a sábà fi ń po ọṣẹ olómi), ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń da iyọ̀ sí i tó, ńṣe ló ń ṣàn bí omi.

Ìyá Ìbejì, Yaba:
Ẹ má fi iyọ̀ ṣòfò mọ́. SLES ní agbára iná òdì lára, èyí tí iyọ̀ máa ń bá a dín kù kí àwọn ìdìpọ̀ tíntìntín inú rẹ̀ lè gùn, kí wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn. Ibẹ̀ ni kíki ti ń wá. Coco glucoside, tí wọ́n fi ṣúgà àti ọ̀rá àgbọn ṣe, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Xanthan gum, ìyẹ̀fun tó ń mú nǹkan olómi ki, ni kí ẹ lò: ẹ kọ́kọ́ fi gílísárìnì pò ó títí kò fi ní sí kókó kankan níbẹ̀, kí ẹ tó rọra dà á sínú omi.

Baba Ọlọ́ṣẹ, Ìdúmọ̀tà:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ tún wo pH ọṣẹ náà, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń fi hàn bóyá nǹkan kan tàbí ó jẹ́ bí eérú (7 ni àárín), torí ti coco glucoside sábà máa ń kọjá 11 láti ilé iṣẹ́, ó sì lè jẹ ni lọ́wọ́. Ẹ fi citric acid, èròjà kíkan bíi ti inú ọsàn wẹ́wẹ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí nǹkan bí 7, kí ẹ sì fi èròjà tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́ sí i.

Alọ́ṣẹ Mushin:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin òbí mi.